Wèrè Ìran àti Ìlú Oníwúrà

Kí wúrà tó pe gbogbo ayé jọ sí Johannesburg ní 1886, àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ti ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ. Bí alárinà bá gbúròó wèrè ìran nílé kan, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ibẹ̀ parí nìyẹn. Sáyẹ́ǹsì náà gba ọ̀nà ìwádìí ìran yìí. Sydney Brenner, tí wọ́n bí ní Germiston lẹ́bàá Johannesburg ní 1927, tó sì kàwé ní Yunifásítì Witwatersrand, wà lára àwọn tó tú àṣírí bí jíìnì ṣe ń rán iṣẹ́ nínú ara.

Àìsàn bipolar, tó wà lára ohun tí wọ́n lè pè ní wèrè ìran, tí ara ẹni á máa yá gágá kọjá ààlà, tí kò ní sùn, tí yóò máa ná ìnákúnàá, kí ìbànújẹ́ tó wá dè é mọ́ ibùsùn, kì í ṣe iṣẹ́ jíìnì kan ṣoṣo. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó ń mú bí ènìyàn 1 nínú 100. Bí òbí bá ní in, ó lè mú bí 5 sí 10 nínú 100 ọmọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ni yóò bọ́, nítorí náà mo gbà pé alárinà ayé àtijọ́ ṣẹ̀ ọ̀pọ̀ wúńdíá láìnídìí.

Ìmọ̀ nìkan kò sì gba aláìsàn là. Ní 2016, ìjọba Gauteng, ìpínlẹ̀ tí Johannesburg wà, kó àwọn aláìsàn ọpọlọ tó lé ní 1,000 kúrò ní ilé ìtọ́jú Life Esidimeni lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, 144 nínú wọn sì kú. Ní 2018, Dikgang Moseneke, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pàṣẹ pé kí ìjọba san owó gbà-má-bínú fún àwọn ẹbí wọn.