Ìṣirò Àlùfáà Werner àti Ìjà tí ó Bí

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré mọ̀ pé iṣu mẹ́ta àti iṣu méjì di iṣu márùn-ún, ṣùgbọ́n iṣu mẹ́ta àti àgbàdo méjì kò lè di ohun kan. Òfin rírọrùn yìí ni àwọn amòye tí ń wo ìràwọ̀ ní Yúróòpù fi bọ́ lọ́wọ́ làálàá ńlá.

Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ipò ìràwọ̀ kan níláti fi nọ́ńbà onídìgíìtì méje sọ òmíràn bí irú rẹ̀ di púpọ̀. Ìsọdipúpọ̀ kéékèèké 49 ni èyí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí rò wọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá sì ṣì, iṣẹ́ gbogbo òru bàjẹ́.

Johannes Werner, àlùfáà ní Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, ẹni tí ó kú ní 1522, rí ọ̀nà àbùjá. Bí a ti ń kọ ọ́ lóde òní, kósáìnì àròpọ̀ igun méjì ni kósáìnì wọn lọ́nà ara wọn, kí a yọ sáìnì wọn lọ́nà ara wọn kúrò. Ti ìyàtọ̀ igun méjèèjì rí bákan náà, àfi pé a ó fi ti sáìnì kún un ni. Nígbà tí a bá ro méjèèjì pọ̀, èyí tí a yọ àti èyí tí a fi kún pa ara wọn rẹ́. Ti kósáìnì, nítorí tí wọ́n jẹ́ irú kan náà, di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí a mú igun 40 dígírì àti 20 dígírì. Nínú àtẹ tí a fi 10,000,000 ṣe odidi, kósáìnì wọn ni 7,660,444 àti 9,396,926. Dípò kí a sọ wọ́n di púpọ̀, a ó mú kósáìnì 60, tí í ṣe 5,000,000, àti ti 20, tí í ṣe 9,396,926. Àròpọ̀ wọn ni 14,396,926. Ìdajì rẹ̀ sì ni 7,198,463, èyí tí a ń wá gan-an.

A kò tẹ ìwé Werner nígbà ayé rẹ̀. Ní 1580 Paul Wittich dé erékùṣù Hven, níbi tí Tycho Brahe ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọba Denmark, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ lo ọ̀nà yìí. Ursus náà bẹ Hven wò ní 1584. Ní 1588 ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Tycho pè é ní olè, pàápàá nítorí ètò ọ̀run tí ó wà nínú ìwé kan náà, ìjà náà kò sì tán títí Ursus fi kú ní 1600. Lójú tèmi, ní ti ìṣirò yìí, kò sí ẹni tí ó lè pè é ní tirẹ̀ nínú wọn.

Ní 1614 John Napier ará Skọ́tlándì tẹ logarithm jáde, tí ó rọ ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lọ́rùn fún gbogbo nọ́ńbà. Ọ̀nà àbùjá náà sì hu koríko. Ìwé Werner fúnra rẹ̀ kò dé ilé ìtẹ̀wé títí di 1907, ọdún 385 lẹ́yìn ikú rẹ̀.