Odu'a Investment Company
Ilé-iṣẹ́ okòwò tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá jọ ni. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976, nígbà tí ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́, kí dúkìá àjọní má baà fọ́nká. Olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Cocoa House, Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó ní dúkìá tó gbayì n'Íkẹjà, pàápàá Lagos Airport Hotel. Ìdí ni pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà títí di 1967. Ọ̀ṣun (1991) àti Èkìtì (1996) di onípìn-ín nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Èkó ló dara pọ̀ kẹ́yìn. Ọgbọọgba ni ìpín wọn, ì báà ṣe ìpínlẹ̀ ńlá tàbí kékeré. Ìlànà yìí dára gan-an, nítorí kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo dá pàṣẹ. Síbẹ̀, ọwọ́ ìjọba ni gbogbo ìpín náà ṣì wà.