Kippa

Kippa jẹ́ áàpù orí fóònù tí Kennedy Ekezie-Joseph, Duke Ekezie àti Jephthah Uche gbé jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2021, kí ó lè rọ́pò ìwé tí àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ń kọ ọjà àti àwìn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, oníṣòwò á tẹ owó tó wọlé, owó tó jáde àti gbèsè tó wà níta sínú rẹ̀, áàpù náà á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á fi bí ọjà ṣe ń lọ sí láti ọjọ́ dé ọjọ́ hàn, á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán onígbèsè létí. Ọgbọ́n ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun, nítorí VisiCalc, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ti ṣe irú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Apple II ní 1979.

Ọjà Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe ní ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ibì kan tí ìwúlò irú áàpù yìí ti lè hàn kedere, nítorí pé tòmátì àti ata tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó wá láti Òkè Ọya kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó ra apẹ̀rẹ̀ 10, tó ta 8, tí 2 sì jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́, lè rò pé òun jèrè bí kò bá ka 2 yẹn mọ́ àdánù. Àmọ́ áàpù kò lè mọ ohun tí a kò tẹ̀ sínú rẹ̀, àléébù tí kò kéré sì ni èyí fún ẹni tó ti ń ṣa ata láti ìdájí.