Ilé Àwọn Àgbà àti Ìtìjú Tó Rọ̀ Mọ́ Ọn

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn Akan ilẹ̀ Gánà náà ní òwe tí ó jọ ọ́: ẹni tí òbí rẹ̀ tọ́jú títí eyín fi hù lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni yóò tọ́jú òbí nígbà tí eyín bá ń ká lẹ́nu tiwọn. Òwe méjèèjì dára, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ẹni tí yóò dìde lóru gbé arúgbó lọ sí balùwẹ̀, wọn kò sì sọ ẹni tí yóò sanwó iṣẹ́ náà. Lórí ìbéèrè méjì yìí ni ìtàn ìtọ́jú àgbà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dá lé. Òun náà ló ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ ilé àwọn àgbà fi ń dún bí èébú létí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Láyé àtijọ́, agbo ilé ni ó dáhùn ìbéèrè náà. Ọwọ́ àwọn àgbà ni ilẹ̀ oko wà. Ọmọ tí ó bá fẹ́ dá oko kò lè kẹ̀yìn sí wọn. Ọwọ́ tí ń ṣe ìtọ́jú pọ̀, ẹrù náà kò sì wọ ẹnì kan ṣoṣo lọ́rùn. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń sọ pé ọmọ ní í tọ́jú òbí, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ń ṣe é gan-an: ìyàwó ilé tí ń gbé omi gbígbóná, ọmọbìnrin tí ń fọ aṣọ, ọmọ-ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí ó lè máa bá a dáná. Kò sí ẹni tí ń sanwó fún wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo arúgbó ni agbo ilé gbà mọ́ra. Ní Gambaga, ní apá àríwá Gánà, ibùdó kan wà tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, níbi tí àwọn obìnrin tí ará ilé tàbí ará àdúgbò fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ti ń rí ààbò lábẹ́ olórí ìlú náà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ opó tí ó ti darúgbó.

Ìjọba amúnisìn kò fi ohun kan rọ́pò agbo ilé. Rélùwéè, iṣẹ́ ọ́fíìsì àti oko kòkó fa àwọn ọ̀dọ́ kúrò nílé, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 1951 mọ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1961, wọ́n dá àpò ìfowópamọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni. Ètò tí a là kalẹ̀ fún àgbẹ̀, ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n lè máa dá owó díẹ̀ díẹ̀ sí i fúnra wọn, kò bẹ̀rẹ̀ títí di 2019.

Ọ̀nà mìíràn ni ilé àwọn àgbà gbà wọlé. Ní 1839, ní Saint-Servan ní ilẹ̀ Faransé, Jeanne Jugan gbé afọ́jú arúgbó kan, Anne Chauvin, wọ ilé rẹ̀, ó sì fi ibùsùn ara rẹ̀ fún un. Ẹgbẹ́ àwọn sísítà ìjọ Àgùdà tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde ní ilé àwọn àgbà ní Enugu, ọrẹ àánú ni wọ́n sì fi ń bọ́ àwọn tí ń gbé níbẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí a dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún: òtòṣì tí kò ní ẹnì kan. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá mú ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ dà bí ẹni tí ó kéde pé ìyá òun kò lẹ́nì kan.

Ìtìjú yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin ọdún 1834, ilé òtòṣì le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn arúgbó ń bẹ̀rù láti kú síbẹ̀. Òfin ọdún 1948 ni ó pa ètò náà rẹ́, tí ó sọ ọ́ di ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè ilé fún àwọn àgbà tí ó nílò ìtọ́jú: ẹni tí ó ní, a san, ẹni tí kò ní, ìjọba a bá a gbé e.

Kí ni òfin tiwa sọ? Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ti ọdún 1981, sọ pé ojúṣe ọmọ ni láti gbọ́ bùkátà òbí tí ó bá ṣe aláìní. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà dárúkọ ìtọ́jú ogbó láàrin ohun tí ìjọba yóò pèsè, ṣùgbọ́n orí kejì ni ó fi í sí, orí tí ìwé òfin kan náà kò gba ilé ẹjọ́ láyè láti fi múni. Ní 2017, Nàìjíríà ṣe òfin tí ó dá iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀. Àdéhùn mìíràn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ní 2016 tún lọ síwájú sí i: ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àgbà yàn fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ga ju agbára rẹ̀ lọ.

Ní àkókò yìí kan náà, àwọn ọmọ wa ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú lókè òkun. Láti 2022 títí di 2025, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú àgbà láti òkèèrè, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó pọ̀ jù lọ tí ó gba ibẹ̀ wọlé. Owó oṣù tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ arúgbó onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń san owó ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń tọ́jú ìyá wọn nílé.

Nítorí náà, bóyá kí arúgbó wà lọ́dọ̀ ọmọ, kí a gba olùtọ́jú sílé fún un, tàbí kí ó lọ gbé ilé àwọn àgbà, ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí a bi ara wa. Ṣé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ? Ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ lóru? Bí owó bá tán, ta ni yóò gbà á? Ìyá tí a tì mọ́ yàrá nínú ilé ọmọ rẹ̀, tí ebi ń pa títí di ìrọ̀lẹ́, kò sàn ju ẹni tí kò lẹ́nì kan lọ.