Ìtàn Ilé Roebling àti Okùn Irin Wọn

Ní ìlú Trenton, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà nígbà kan rí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ilé Iṣẹ́ Àwọn Ọmọkùnrin John A. Roebling. Okùn irin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, afárá ni wọ́n sì ń fi okùn náà so rọ̀ lókè odò. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí yóò rò pé òun ti mọ ìtàn ilé náà tán: baba ni ó dá a sílẹ̀, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sì jogún rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Nígbà tí iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ wọn fẹ́ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹni tí ó gbé e ró kì í ṣe ọmọkùnrin, kò sì bá wọn tan nípa ẹ̀jẹ̀. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Ìlú Mühlhausen ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí John Roebling ní ọdún 1806. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà ní Berlin, ṣùgbọ́n ní ọdún 1831 òun àti Carl ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó àwọn ará ìlú wọn kan jọ, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ra ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania, wọ́n sì tẹ abúlé kan dó tí a ń pè ní Saxonburg. Èrò wọn ni láti máa ṣe àgbẹ̀. Ọkọ́ kò bá John lára mu rárá. Ní ọdún 1837 Carl kú; ní ọdún kan náà ni a bí Washington, àkọ́bí John. Ọkùnrin náà padà sí iṣẹ́ tí ó kọ́, ó sì ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ náà wọn ilẹ̀.

Níbẹ̀ ni ó ti rí ohun tí ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ní ìgbà náà, odò àfọwọ́gbẹ́ ni wọ́n fi ń kó ẹrù la Pennsylvania já, ṣùgbọ́n àwọn òkè Allegheny dábùú ọ̀nà. Nítorí náà wọ́n a máa gbé ọkọ̀ ojú omi ka orí ọkọ̀ ojú irin, wọ́n a sì fi ẹ̀rọ àti okùn wọ́ ọ gun òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mẹ́wàá lójú ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 36. Okùn tí a fi èèpo ewéko lọ́ ni wọ́n ń lò. Ó nípọn, ó wọ́n, kì í sì í pẹ́ gbó. Bí ó bá já, ẹrù àti ènìyàn a bá a lọ. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń lọ́ okùn. Fọ́nrán kan kò lágbára, ọmọdé lè já a. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ogún fọ́nrán jọ tí a sì lọ́ wọn mọ́ra, màlúù kò lè já a. Ohun tí John Roebling rò kò ju èyí náà lọ, àfi pé wáyà irin ni ó fi ṣe fọ́nrán tirẹ̀. Ní ọdún 1841, lórí pápá koríko ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Saxonburg, òun àti àwọn àgbẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ na wáyà sílẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ lọ́ ọ di okùn. Bí ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Láti orí okùn ni ó ti bọ́ sí orí afárá. Ní ọdún 1845 ó parí afárá kan ní Pittsburgh tí ó gbé odò àfọwọ́gbẹ́ kọjá lórí odò gidi, tí ọkọ̀ ojú omi fi ń kọjá lókè nígbà tí omi mìíràn ń ṣàn nísàlẹ̀. Ní ọdún 1849 ó kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Trenton. Ní ọdún 1855 ó so afárá kọ́ sí òkè ọ̀gbun Niagara, ọkọ̀ ojú irin sì gba orí rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹnjinníà ti wí pé irú afárá bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ọkọ̀ ojú irin láé. Ní ọdún 1866 a ṣí èyí tí ó ṣe ní Cincinnati. Àlàfo àárín rẹ̀ jẹ́ 1,057 ẹsẹ̀ bàtà, kò sì sí èyí tí ó gùn tó o ní gbogbo ayé ní ọjọ́ náà. Kí n má baà fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, ọkùnrin náà le púpọ̀ nínú ilé rẹ̀. Washington kọ ìwé nípa baba rẹ̀ yìí, ìwé náà kò sì jáde ní títẹ̀ títí di ọdún 2009. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nípa lílù àti ìpayà tí àwọn ọmọ rí lọ́wọ́ rẹ̀ kò dùn ún kà.

Nísinsìnyí a dé orí iṣẹ́ ńlá náà. Ìlú New York àti ìlú Brooklyn dojú kọ ara wọn, odò East River sì wà láàrin wọn. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni èrò fi ń kọjá, bí yìnyín bá sì bo odò, ọ̀nà dí. John Roebling ni a fi iṣẹ́ afárá odò yìí lé lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1869, bí ó ti dúró ní èbúté tí ó ń wo ibi tí wọn yóò kọ́ òpó sí, ọkọ̀ èrò kan kọ lu èbúté, igi sì run ẹsẹ̀ rẹ̀. A gé àwọn ọmọ ìka rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí dókítà tọ́jú ojú ọgbẹ́ náà. Omi nìkan ni ó ní kí wọ́n máa dà sí i, nítorí ó gba ìwòsàn omi gbọ́ ju ohun gbogbo lọ. Tẹ́tánọ́ọ̀sì wọ ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dì pa, ó sì kú ní ọjọ́ 22 oṣù Keje. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ ọdún 32 ni Washington nígbà tí a fi í sí ipò baba rẹ̀.

Bí a óò ti fi ẹsẹ̀ òpó múlẹ̀ nísàlẹ̀ odò ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bí ẹnìkan bá da igbá délẹ̀ lójú omi, tí ó sì tì í sísàlẹ̀ lọ́gbọọgba, afẹ́fẹ́ inú igbá kì yóò jẹ́ kí omi gba gbogbo inú rẹ̀. Washington kan àpótí igi kan bí igbá bẹ́ẹ̀, láìní ìdí. Ti ìhà Brooklyn jẹ́ 168 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, 102 ní ìbú. Wọ́n rì í, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí omi má bàa wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń wa ilẹ̀ odò, bí àwọn kan lókè ti ń to òkúta lé e lórí tí ó sì ń rì sí i. Èyí ti Brooklyn lọ sísàlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 44 àti ààbọ̀. Èyí ti New York tó 78 àti ààbọ̀. Bí àpótí ti ń rì ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní láti máa le sí i, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá sì jáde síta kánkán, ìrora a mú wọn ní oríkèé ara, àwọn mìíràn a rọ lẹ́sẹ̀, àwọn mìíràn a sì kú. Lónìí a mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni í hó bí ọṣẹ nígbà tí ìfúnpọ̀ bá dẹ̀ lójijì, àti pé bí ènìyàn bá jáde díẹ̀díẹ̀ kì yóò ṣe é ní nǹkan. Wọn kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Washington kì í ṣe ọ̀gá tí í dúró lókè. Nígbà tí iná mú igi àpótí Brooklyn ní oṣù Kejìlá ọdún 1870, inú ibẹ̀ ni ó wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí a fi gbé e jáde. Ní ọdún 1872 àrùn náà dá a dùbúlẹ̀ pátápátá. Ara ríro kò fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú, ariwo díẹ̀ a dà á láàmú, kò sì lè bá ju ènìyàn kan lọ sọ̀rọ̀. Òun ni ọ̀gá iṣẹ́ náà síbẹ̀, òun nìkan ni gbogbo rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tí ó lè bá sọ̀rọ̀ náà ni Emily aya rẹ̀. Emily Warren ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó relé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọ̀gágun ni Washington sìn lábẹ́ rẹ̀ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní oṣù Kìíní ọdún 1865 ni wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó. Kò kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà rí. Ó jókòó ti ibùsùn ọkọ rẹ̀, ó ń kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀, ó kọ́ ìṣirò, ó kọ́ bí irin ti í lágbára tó àti bí okùn ti í tẹ̀ láàrin òpó méjì. Láti ọdún 1877, nígbà tí wọ́n padà wá gbé ní Brooklyn, Washington a máa fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn wo iṣẹ́ láti ojú fèrèsé, Emily a sì lọ sí ibi iṣẹ́, a fi àṣẹ lé àwọn ẹnjinníà lọ́wọ́, a gbọ́ ìbéèrè wọn, a sì dáhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé òun gan-an ni ọ̀gá. Èmi kò rò pé ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu púpọ̀. Ní agboolé tiwa pẹ̀lú, àwọn obìnrin tí a fẹ́ wá láti ilé ẹlòmíràn ni wọ́n sábà mọ oríkì ilé ju àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn òpó méjèèjì dúró tán, ọ̀rọ̀ kan okùn. Okùn afárá kì í ṣe lílọ́ bí ti òkè Allegheny: a ń na wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan láti etí odò kan dé èkejì, a sì ń dì wọ́n pọ̀ bí òṣùṣù ọwọ̀. Ta ni yóò ta wáyà náà? Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ilé iṣẹ́ Trenton ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù, Ferdinand àti Charles àbúrò Washington sì ni wọ́n ń ṣe àkóso rẹ̀. Ṣùgbọ́n Abram Hewitt, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ afárá, mú àbá wá pé ilé iṣẹ́ tí ẹnjinníà afárá bá ní ìpín nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ náà. Washington ta ìpín rẹ̀ nínú ilé baba rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fura sí i. Síbẹ̀ a gbé iṣẹ́ náà fún J. Lloyd Haigh, oníwáyà kan ní Brooklyn, ẹni tí Washington ti kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1878 àṣírí tú. Àwọn olùyẹ̀wò a dán wáyà tí ó dára wò ní ilé iṣẹ́ Haigh, wọ́n a sì fi ìwé ẹ̀rí lé e. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ẹrù a yà sí ilé kan, wọ́n a já wáyà rere náà sílẹ̀, wọ́n a sì fi èyí tí a ti kọ̀ rọ́pò rẹ̀. Wáyà rere yóò padà sí ilé iṣẹ́ láti tún gba ìwé ẹ̀rí mìíràn. Kí wọ́n tó mọ̀, púpọ̀ nínú wáyà burúkú náà ti wà lókè, wọn kò sì lè fà á yọ mọ́. Lórí ibùsùn ni Washington ti ṣe ìṣirò ọ̀ràn náà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán afárá, ó ti ṣe é kí okùn lè gbé ìlọ́po mẹ́fà ẹrù tí yóò wà lórí rẹ̀. Nísinsìnyí ó rí i pé ó ti dín sí bí ìlọ́po márùn-ún, pé èyí sì tó. Ó ní kí a fi nǹkan bí 150 wáyà kún okùn kọ̀ọ̀kan, Haigh ni yóò sì san owó rẹ̀. Nítorí náà ni wáyà inú okùn kọ̀ọ̀kan fi jẹ́ 5,434. Èmi a máa rò ó nígbà mìíràn: ká ní baba kò kọ́ ọ láti fi ààyè sílẹ̀ fún ohun tí ojú kò rí, kí ni ì bá ti ṣe?

Ní ọdún 1882 àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ yọ aláìsàn náà kúrò ní ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò gbè é. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1883 a ṣí afárá náà. Àlàfo àárín rẹ̀ lé díẹ̀ ní 1,595 ẹsẹ̀ bàtà. Emily ti fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kọjá lórí rẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn, ó gbé àkùkọ kan lọ́wọ́ fún àmì ìṣẹ́gun. Hewitt kan náà ni ó dìde sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ, tí ó sì yìn ín. Ààrẹ Chester Arthur rìn kọjá lórí afárá, lẹ́yìn náà ó lọ kí Washington nínú ilé rẹ̀, nítorí kò lè jáde.

Ní Trenton ní gbogbo àkókò yìí, ilé iṣẹ́ náà ń gbilẹ̀. Ferdinand mọ ọjà, Charles mọ ẹ̀rọ. Wọ́n ń ṣe wáyà fún tẹlifóònù àti okùn fún ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sí òkè ilé gíga. Ní ọdún 1905 Charles ń kọ́ ilé ìyọ́rin lẹ́bàá odò Delaware, pẹ̀lú odindi ìlú kan fún àwọn òṣìṣẹ́, tí a sọ ní Roebling. Ikú sì ń pa ilé náà. Emily kú ní ọdún 1903. Ọmọkùnrin Charles, tí a sọ ní orúkọ Washington, bá ọkọ̀ Titanic rì ní ọdún 1912. Ferdinand kú ní 1917, Charles ní 1918. Nígbà tí ọmọ Ferdinand tí ó jẹ́ olórí kú ní ọdún 1921, kò sí ẹlòmíràn tí ó ṣe é gbára lé ju arúgbó aláìsàn náà lọ. Ọmọ ọdún 84 ni Washington nígbà tí ó gba ilé iṣẹ́ náà, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1926. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe okùn afárá George Washington tí a ṣí ní 1931, àti ti Golden Gate ní 1937, èyí tí wáyà inú rẹ̀ gùn tó 80,000 máìlì. Ní ọdún 1953 ilé iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1974. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà nísinsìnyí níbi tí ẹnu ọ̀nà ilé ìyọ́rin náà ti wà.

Ní ọdún 1951 a kan àwo irin kan mọ́ ara òpó afárá Brooklyn. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀: ti Emily, ti Washington ọkọ rẹ̀, àti ti John baba ọkọ rẹ̀. Àwọn okùn ńlá mẹ́rin náà ṣì wà lókè bí a ti nà wọ́n, a kò tíì pààrọ̀ wọn. Wáyà burúkú tí Haigh tà sì wà nínú wọn títí di òní, láàrin àwọn tí ó dára, ọkọ̀ sì ń kọjá lábẹ́ wọn tọ̀sán tòru.