Òfin adójútòfò ìlera kò sọ ìtọ́jú àwọn àkàndá ẹ̀dá di ọ̀fẹ́

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ti buwọ́ lu òfin tó dá Àjọ Adójútòfò Ìlera, NHIA, sílẹ̀ ni àwọn òbí tó ní ọmọ àkàndá ti ń sọ fún ara wọn pé ìjọba àpapọ̀ ti gba ìnáwó ìtọ́jú àwọn ọmọ wọn. Àṣìṣe ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ibi tó ti wá. Òfin náà sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ó tún dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tó kù díẹ̀ káàtó fún: aboyún, arúgbó, òtòṣì, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, àti àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n adójútòfò kò sí láìsí ẹni tó ń san án. Iṣẹ́ àpò yìí ni láti bá aláìní san tirẹ̀, kò sì lè san ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Ẹni tó tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀, gbogbo ìnáwó kọ́ ni wọ́n bá a gbé. Nínú ìlànà tí NHIS, àjọ tí NHIA rọ́pò, ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́, adójútòfò ń san owó àyẹ̀wò ojú, kì í san ti awò. Ẹsẹ̀ tàbí apá àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ orí. Ìlànà kan náà ní òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ 4 tí kò tí ì pé ọdún 18 ni owó rẹ̀ kájú. Bí ọmọ bá ti pé 18, àfi kí òbí san àfikún. Ìlànà tó bójú mu ni fún ọmọ tó ń wọ yunifásítì, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò tiwọn. Ọmọ tí wárápá ń gbé, tí kò lè dá jẹun, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń wẹ̀ fún lẹ́ni ọdún 19 ńkọ́? Oògùn rẹ̀ kò dín. Ara rẹ̀ ti wúwo sí i, ìyá náà sì ti ń dàgbà. Àsìkò yẹn gan-an ni ìlànà wá sọ pé kí òbí tún fi owó kún owó.

Ọ̀fẹ́ wà lóòótọ́, àmọ́ inú òfin mìíràn ló wà. Ìsọ̀rí 21 òfin ọdún 2018 tó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá dù wọ́n, èyí tí Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, sọ pé ẹni tó ní ìpèníjà ọpọlọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba. Kò fi arọ tàbí afọ́jú kún ọ̀fẹ́ yìí. Ohun tó ṣe fún gbogbo àkàndá ni pé wọn kò gbọdọ̀ fi ìtọ́jú dù wọ́n nítorí ipò wọn. Ó tún ní kí ilé ìwòsàn ìjọba pèsè ọ̀nà tí wọn yóò fi bá adití sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wá gbàtọ́jú.

Ó yẹ kí NHIA àti àwọn ìpínlẹ̀ yọ ààlà ọdún 18 kúrò fún ọmọ tí dókítà bá jẹ́rìí pé ìpèníjà rẹ̀ kò ní tán. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de ìyẹn. Ẹ lọ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ ní àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ìpèníjà ọpọlọ, kó mú ẹ̀dà ìsọ̀rí 21 dání lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kó sì béèrè ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀.