Báwo ni kòkòrò inú ìfun ṣe di ohun tí apá oògùn kò ká mọ́?

Ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ló kú káàkiri àgbáyé ní ọdún 2019 nítorí pé apá oògùn antibiotics kò ká kòkòrò tó ń bá wọn jà mọ́.

Ìwádìí tí ìwé ìmọ̀ ìṣègùn Lancet gbé jáde ní 2022 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti burú jù: nǹkan bíi ènìyàn 27 ló kú nínú 100,000.

Ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àmọ́ kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ìtàn fi hàn pé inú ìfun àwọn tí ara wọn le pàápàá ni agbára yìí ti ń kóra jọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Japan?

Alexander Fleming, tó ṣàwárí penicillin ní London ní 1928, kìlọ̀ nígbà tó gba àmì ẹ̀yẹ Nobel ní 1945 pé lílo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó lè kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí rẹ̀.

Ohun tí wọn kò tíì mọ̀ nígbà náà ni pé irú kòkòrò kan lè fún irú mìíràn ní agbára ọ̀hún.

Ní àwọn ọdún 1950, ìgbẹ́ ọ̀rìn tí kòkòrò Shigella ń fà ń yọ àwọn ará Japan lẹ́nu. Àwọn dókítà rí i pé oògùn bíi mẹ́rin kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 1959, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ po E. coli tí oògùn kò lè pa mọ́ Shigella tí oògùn ṣì ń pa. Oògùn kò pa Shigella náà mọ́.

Plasmid ni wọ́n ń pe ohun tó ń gbé agbára yìí kiri, ìyẹn òrùka DNA kékeré tí kòkòrò kan lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún òmíràn. E. coli sì rèé, inú ìfun ènìyàn ló ń gbé, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe wá ní ibi.

Àyẹ̀wò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Ní Nàìjíríà, Iruka Okeke, Adebayo Lamikanra àti akẹgbẹ́ wọn yẹ E. coli 758 wò, èyí tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárín 1986 sí 1998. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣàìsàn.

Ní 1986, ìdá 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún kòkòrò náà ni tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin kò lè pa, bó bá ṣe jẹ́ oògùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di 1998, ó ti di ìdá 56 sí 100.

Èyí kò ṣẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń ta oògùn. Ènìyàn lè ra kápúsù méjì péré ní kẹ́mísìtì tàbí lọ́jà láìsí ìwé dókítà. Bí inú rírun bá ti lọ, ó parí nìyẹn.

Àmọ́ oògùn tí a gbé mì kì í mú kòkòrò àìsàn nìkan. Á pa àwọn tí kò lágbára nínú ìfun, á wá ku àwọn alágbára tí yóò máa pọ̀ sí i.

Àwọn ìkókó ní ilé ìwòsàn

Ní ilé ìwòsàn, oògùn pọ̀, àwọn aláìsàn sì súnmọ́ra. Ọwọ́ òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀dì àti rọ́bà omi lè gbé kòkòrò láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn.

Ìwádìí BARNARDS wo àwọn ìyá àti ìkókó ní orílẹ̀-èdè méje ní Áfíríkà àti Asia, títí kan ilé ìwòsàn ní Kano àti Abuja. Àwọn ìkókó tó ní àmì pé kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n yẹ ìfun wọn wò.

Àbájáde tó jáde ní 2022 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ìyá, bíi 47 ló ní jíìnì CTX-M-15, tó ń sọ ọ̀pọ̀ oògùn di aláìwúlò.

Ti jíìnì NDM tún léwu jù. Òun ló ń borí carbapenem, oògùn tí àwọn dókítà máa ń fi pamọ́ di ìgbà tí òmíràn bá kùnà. Ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá ni wọ́n ti rí i, àmọ́ ìdá 18.5 ni ti àwọn ìkókó. Ìyàtọ̀ yìí ń tọ́ka sí i pé kì í ṣe ara ìyá nìkan ni àwọn ọmọ ti kó o.

Bí carbapenem bá kùnà lára ìkókó, ohun tó kù lọ́wọ́ dókítà kò pọ̀.

Ní 2017, Nàìjíríà gbé ètò kan jáde láti kojú ìṣòro náà, èyí tó kan àyẹ̀wò, ìmọ́tótó ilé ìwòsàn àti lílo oògùn bó ṣe yẹ fún ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí kòkòrò náà ti ń gbára jọ nílé kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn, iṣẹ́ àtúnṣe kò lè jẹ́ ti dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan.